Ọ̀rọ̀ Pẹ́ńsù Létí Ìwé

Ojú ló kọ́kọ́ pàdé kí ẹnu tó mọ̀ pé òun níṣẹ́ í ṣe. Òwúrọ̀ Sátidé ni, ọjọ́ tí ilé ìtàwé àlòkù náà máa ń ra ìwé lọ́wọ́ ará ìta, èrò sì ti kún ẹnu ọ̀nà bámúbámú. Ẹni gbé àpò, ẹni gbé páálí, ẹlòmíràn fi okùn di ìwé bí ẹni di igi ìdáná. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì ìyẹ̀wò gbé orí sókè láti na ọrùn tó ti ń dùn ún láti ìdájí, ojú rẹ̀ sì bọ́ sínú ojú ọkùnrin kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún tó gbé páálí lé èjìká. Ojú ọkùnrin náà pọ́n. Kì í ṣe pípọ́n ọtí. Ojú tí kò tíì rí oorun ni. Ti ọmọbìnrin náà pọ́n pẹ̀lú, eruku ìwé àti lẹ́tà wẹ́wẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì wo ara wọn bí ẹni méjì tó ru ẹrù pàdé ní orí òkè, tí kò sí èyí tó ní èémí tó fi máa kí ẹnì kejì. Àyà ọmọbìnrin náà já, ó sì yà á lẹ́nu, nítorí ó rò pé àyà òun ti dẹ́kun irú eré bẹ́ẹ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe òun, obìnrin kan ti da odidi àpò ìwé lé tábìlì níwájú rẹ̀, gbogbo wọn ń rùn bí àjà ilé tí òjò ń jò sí.

Adájọ́ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà níbi iṣẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wo ìwé àlòkù láti èèpo dé èèpo, kó sì sọ ipò tó wà. Ipò márùn-ún ni wọ́n ń lò: Bí Tuntun, Ó Dára Gan-an, Ó Dára, Ó Ṣeé Kà, àti Ó Ti Parí. Àlejò a gbọ́ "Ó Dára," inú rẹ̀ a dùn, kò mọ̀ pé lẹ́nu Adájọ́, ìwé tó dára ni ìwé tó ti jìyà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, tí igun rẹ̀ ti ká, àmọ́ tí ewé rẹ̀ ṣì pé. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí débi pé kò lè wo nǹkan kan mọ́ láìwá àbùkù rẹ̀. Bó bá wọ yàrá, ibi tí ọ̀dà ti ń bó lára ògiri ló ń kọ́kọ́ rí. Ìyá rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé, ní bó ṣe lé àwọn ọkùnrin lọ nìyẹn: ó ní ti ọ̀kan, èèpo rẹ̀ dán ju inú lọ; ó ní ti èkejì, ojú ewé kan ti sọnù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá náà a máa bi í bóyá òun alára rò pé òun ṣì wà ní Bí Tuntun. Adájọ́ a rẹ́rìn-ín, a bọ́ bàtà, a gbé ẹsẹ̀ tó wú lé orí àga. Ó rẹ̀ ẹ́. Kì í sì ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò.

Síbẹ̀, bí ẹ bá rí i, ìwé ìfẹ́ ló tọ́ ọ dàgbà. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọbìnrin máa ń fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì ní kíláàsì, tí a máa ń kà títí etí wọn á fi di akísà, ìdí wọn ló ti kọ́ bí ọkàn ṣe ń lù. Ó kàn jẹ́ pé láti ìgbà tó ti di Adájọ́, pínnì tó di ewé mú tó ti dógùn-ún ló ń rí nínú wọn, kì í rí ìfẹ́ mọ́.

Nígbà tí ó kan ọkùnrin olójú pípọ́n náà, ó gbé páálí rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn. Aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì ló wà lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀; ó ní ibi iṣẹ́ alẹ́ ni òun ti ń bọ̀ tààrà, òun ò tíì délé. Ìwé ìyá àwọn ni. Ìyá náà ti ṣaláìsí, ẹ̀gbọ́n òun obìnrin sì fẹ́ kí ilé ṣófo kó tó padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí ló kó àwọn ìwé náà sínú páálí. Òun alára ò lè ṣí páálí náà. Ó ti gbé ọwọ́ lé e nígbà kan, ó sì tún gbé e kúrò.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí," ó ní, "ẹ fojú àánú wò wọ́n."

"Ojú àánú ò sí níbí, Bọ̀ọ̀dá. Ojú méjì yìí náà ni."

"Èyí tẹ́ ẹ fi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà ńkọ́?"

Àwọn tó wà lórí ìlà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Adájọ́ bojú wolẹ̀, ó ń wá bírò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó padà wá ní ọjọ́ Túsìdeè. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, kò jẹ́ kí wọ́n to páálí yẹn mọ́ àwọn yòókù. Ó fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ tábìlì tirẹ̀.

Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹ̀wò. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé kejì, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé sì tútù, kò ní ariwo, irú èyí tí ìwé fẹ́ràn. Aṣọ funfun wà lórí tábìlì, búrọ́ọ̀ṣì, rúlà, gíláàsì tó ń sọ lẹ́tà di ńlá, àti irésà rírọ̀ kan tó ti kéré bí ẹ̀wà. Ní igun kejì ni Bàbá Gọ́ọ̀mù jókòó sí, àgbàlagbà tó ń tún ẹ̀yìn ìwé lẹ̀, tí ìka rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ife tíì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá sì sọ ọ́, a máa dà bíi pé ó ti ń ronú rẹ̀ láti àná.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni Adájọ́ dé orí páálí ọkùnrin náà, tó ti ń pè ní Nọ́ọ̀sì lọ́kàn rẹ̀. Ìwé ìkọ́ni ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí olùkọ́ àwọn ọmọ kékeré ni ìyá náà nígbà ayé rẹ̀. Ó Ṣeé Kà. Ó Ṣeé Kà. Ó Ti Parí. Nísàlẹ̀ pátápátá ló ti kan ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ kan, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ni. Èèpo méjèèjì wà lára rẹ̀, pínnì kò tíì jẹ ewé, àwọ̀ pupa aṣọ ọmọbìnrin tó wà lójú èèpo kò tíì ṣí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kà á láàyè, ìyẹn ló mú kó ṣọ̀wọ́n bí ojú tó mọ́ lówùúrọ̀ Mọ́ńdè. Àwọn tó ń kó irú rẹ̀ jọ ti ń béèrè rẹ̀ tipẹ́.

Àbùkù kan ló ní. Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ̀wé sétí gbogbo ewé rẹ̀.

Níbi iṣẹ́ wọn, bí bírò bá kọ ọ́, ó di àṣẹ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Pẹ́ńsù ni irésà lè mú kúrò, ipò ìwé a sì gòkè. Ṣùgbọ́n òfin kan wà: wọn kì í fi irésà kan ìwé oníwèé láìbi í. Adájọ́ mọ òfin yìí, òun gan-an ló ń kọ́ àwọn tuntun. Àmọ́ páálí tó kù nílẹ̀ ga dé orókún, ẹ̀yìn ń dùn ún, ó sì ń rí ojú pípọ́n kan lọ́kàn rẹ̀. Nínú àwọn ìwé tó tọ́ ọ dàgbà, olólùfẹ́ kì í béèrè. Ó kàn máa ń ṣe oore náà ni, a sì wá fi lé ẹnì kejì lọ́wọ́ kí ẹnu lè yà á. Ó rò ó pé bí Nọ́ọ̀sì bá dé lọ́la, tí òun sọ fún un pé ìwé ìyá rẹ̀ jẹ́ Ó Dára Gan-an, bóyá ojú yẹn á sinmi díẹ̀. Ó mú irésà.

Ó ń pa á rẹ́, ó ń kà á. Níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin inú ìwé ti búra pé òun á kú bí òun ò bá rí olólùfẹ́ òun, pẹ́ńsù kọ ọ́ sétí pé: *Kò ní kú. Ebi ló ń pa á.* Níbi tí ọmọbìnrin náà ti dúró sínú òjò láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú: *Wọlé, ọmọ yìí. Àyà rẹ á dì.* Níbi tí ìyá ọkọ ti lé e jáde: *Èmi ò ní ṣe irú èyí sí ìyàwó ọmọ mi láéláé. Bí ọmọ mi bá tètè mú un wá.* Adájọ́ rẹ́rìn-ín títí Bàbá Gọ́ọ̀mù fi bi í bóyá irésà náà ń rìn ín ní ìgàkè. Ó fẹ́ ìdọ̀tí irésà dànù, ó ṣí ewé mìíràn, ó tún rẹ́rìn-ín. Kó tó di pé wọ́n ṣíwọ́, etí ìwé náà ti mọ́ bí ojú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ó kọ ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ó Dára Gan-an. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sùn bí òkúta.

Nọ́ọ̀sì dé ní Túsìdeè pẹ̀lú búrẹ́dì àti tíì méjì nínú ife bébà. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n máa ń to páálí òfìfo sí. Ó ń sọ ìtàn bàbá arúgbó kan ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ tó máa ń fi oògùn pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀, tó sì ń bú àwọn nọ́ọ̀sì pé wọn ò fún òun lóògùn. Ó sọ ọ́ dé àárín, ọ̀rọ̀ náà gé, ó ti sùn lọ. Orí rẹ̀ fara ti ògiri, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Adájọ́ gba ife ọwọ́ rẹ̀ kó má baà dà á nù. Ó wò ó. Àpá kékeré kan wà ní àgbọ̀n rẹ̀, kọ́là rẹ̀ ti gbó, bọ́tìnnì kan kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn yòókù. Ó rí gbogbo rẹ̀, kò sì ka ọ̀kankan sí àbùkù. Ẹ̀rù bà á.

Nígbà tí ọkùnrin náà jí, ojú tì í, ó bẹ̀bẹ̀. Ó wá sọ ohun tó gbé e wá gan-an. Òun àti ẹ̀gbọ́n òun ti jà lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n náà ní kí gbogbo ìwé lọ, pé ẹrù òkú kì í tán nílẹ̀ bí a bá ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun ò gbà. Níkẹyìn, ó ní kí òun mú ọ̀kan ṣoṣo.

"Ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ kan ni," ó ní. "Aṣọ pupa ló wà lójú èèpo rẹ̀. Màmá mi kì í lè dákẹ́ bí wọ́n bá ń kàwé. Wọ́n á máa bá àwọn inú ìwé jà. Bí àwa ọmọ bá ti sùn, tí wọn ò fẹ́ jí wa, wọ́n á fi pẹ́ńsù kọ èébú wọn sétí ìwé. Wọn ò gbà kí a gba ohùn wọn sórí fóònù rí, wọ́n ní ohùn àwọn dà bíi ti ewúrẹ́. Àǹtí, ìwé yẹn nìkan ni ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ báyìí."

Tíì di omi tútù lọ́wọ́ Adájọ́. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ohun tó sì jáde ni pé òun ò tíì dé orí ìyẹn. Nọ́ọ̀sì ní kò burú, òun á padà wá. Ó kí i, ó lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀.

Adájọ́ ò lè pa á mọ́ra. Ó sọ fún Bàbá Gọ́ọ̀mù ṣáájú kó tó jókòó. Àgbàlagbà náà gbé ẹ̀yìn ìwé tó ń lẹ̀ kalẹ̀, ó nu ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì bínú sí i.

"Gọ́ọ̀mù mi ò lè lẹ èyí," ó ní. "Sọ fún un kó tó ṣí i fúnra rẹ̀."

Adájọ́ ní òun á sọ ọ́. Ó gbé ìwé náà lọ sí ẹnu fèrèsé, ó tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fi ara ra á, bó ṣe máa ń ṣe bó bá ń wá ohun tí àwọn olójúkòkòrò ti pa rẹ́ kí wọ́n tó gbé ìwé wá tà. Ó rí wọn. Olùkọ́ ni ìyá náà, ó ń tẹ pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ bí ẹni ń máàkì iṣẹ́ ọmọ; dúdú rẹ̀ ti lọ, àmọ́ ojú ipa rẹ̀ ṣì wà nínú bébà, tín-ín-rín, bí ojú ẹsẹ̀ ẹyẹ nínú yanrìn. Ó lè ka èyí tó pọ̀ nínú wọn. Àwọn mìíràn, irésà ti fọ bébà wọn, wọ́n ti lọ pátápátá.

Èrò kan wá wọlé, ó rọra wọlé bí olè tó mọ ilé. Òun ní pẹ́ńsù. Òun ní ojú tó lè rí i. Bí òun bá tẹ̀ lé ojú ipa náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ á padà, ibi tó sọnù náà, òun á fi ohun tí òun rántí dí i. Nọ́ọ̀sì ò ní mọ̀. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ láyé yìí, àfi ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí òun ń ṣe. Ó gbẹ́ pẹ́ńsù, ó dì í mú, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *Wọlé*. Ó tẹ̀ lé e láti orí W dé ìdí é. Ó gbé orí kúrò, ó wò ó.

Ó rẹwà. Ó dà bíi ti ìyá náà gẹ́lẹ́. Ìyẹn gan-an ló burú. Nídìí iṣẹ́ wọn, ìwé tó ya kì í ṣe ìtìjú. Ẹni tó tún un ṣe tó sì fi àtúnṣe náà pamọ́ ló ń tẹ́. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ Adájọ́, bó ti wù kó rẹwà tó, ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń fi sí, kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá fojú inú wo Nọ́ọ̀sì tó ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ òun ló ń fi ìka kàn. Ó ju pẹ́ńsù sínú dúrọ́ọ̀. Kò pa ọ̀rọ̀ tó kọ rẹ́. Irésà ti ṣe tó.

Lẹ́tà ló kù. Ẹnu rẹ̀ ti parọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò gbà á gbọ́ mọ́. Ní àkókò ìsinmi ọ̀sán ló ń kọ ọ́, pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó kọ́kọ́ kọ bẹ̀rẹ̀ bíi ti inú ìwé ìfẹ́, ó ní ọkàn òun ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, ó ya á. Èkejì kún fún ẹ ṣàánú mi, ẹ ṣàánú mi, bíi pé òun ló yẹ kí wọ́n bá kẹ́dùn. Ó ya ìyẹn náà. Nígbẹ̀yìn, ó kọ ọ́ bó ṣe ń kọ ipò ìwé, nítorí èyí nìkan ló mọ̀ ọ́n kọ láìparọ́:

*Ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù wà létí gbogbo ewé. Èmi ni mo pa wọ́n rẹ́, láìbi yín, nítorí mo fẹ́ kí inú yín dùn. Èyí tí mo ṣì lè kà nínú ojú ipa wọn nìwọ̀nyí. Ibi tí mo fi àlàfo sí, n ò lè kà á, n kò sì fi tèmi dí i. Ọ̀rọ̀ kan wà níbi tí ọmọbìnrin náà ti dúró sínú òjò. Ọwọ́ tèmi ni mo fi tún ìyẹn kọ. Ẹ má gbà á gbọ́.*

Ó da gbogbo èébú ìyá náà kọ sísàlẹ̀ rẹ̀, ewé dé ewé. Àlàfo náà pọ̀ ju bó ṣe rò lọ.

Kíkọ ọ́ rọrùn ju fífúnni lọ. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì padà wá, lẹ́tà náà wà nínú àpò súwẹ́tà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Àmọ́ ọmọ kékeré kan ti kú ní ọsibítù lóru. Ọkùnrin náà sọ ọ́, ó sì ń wo àwọn ìwé bí ẹni ń wo omi. Adájọ́ ò lè gbé òkúta mìíràn lé e lórí. Ó ní ìwé náà kò tíì yá. Bàbá Gọ́ọ̀mù gbọ́ ọ láti igun rẹ̀, ó wúkọ́. Nílé, ìyá rẹ̀ bi í ìdí tó fi gbé abẹ́ súwẹ́tà dání bí ẹni tí inú ń run. Ó sọ fún un. Ìyá náà bu omi gbígbóná sínú bàsíà, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Ó ní bí ọkùnrin náà bá bínú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Bó bá sì lọ, kó lọ pẹ̀lú òótọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ṣọ́ọ̀bù ò tíì ṣí, Adájọ́ ń gbá ilẹ̀ nígbà tí ẹnì kan kan gíláàsì ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì ni. Kò mú tíì dání. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń lọ lọ́sàn-án yìí, ẹ̀gbọ́n náà sì ti ní òun fẹ́ rí ìwé náà kí òun tó lọ, bó ti wù kí ẹnu òun le tó lórí fóònù. Ó gbé ojú pípọ́n náà sókè.

"Àǹtí, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ ti tà á ni?"

"A ò tà á."

Ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó mú ìwé náà jáde nínú aṣọ funfun tó fi wé e. Ara Nọ́ọ̀sì rọ̀ wọ̀ọ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì. Adájọ́ di ìwé náà mọ́ àyà, ó sì fi ọwọ́ kejì yọ lẹ́tà náà. Gbígbé tó ti ń gbé e kiri ti jẹ́ kí etí rẹ̀ ká, kó sì gbóná bí ara èèyàn.

"Ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó ṣí i."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni."

Ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọkùnrin náà. Ẹ̀rín ẹni tí kò sùn ni, ó rọra ń bọ̀, ó ń dé ojú, ó sì hàn gbangba pé irú lẹ́tà mìíràn ló rò pé wọ́n fún òun. Kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra. Adájọ́ wo ẹ̀rín náà. Ó wù ú kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ì báà jẹ́ fún ọjọ́ kan sí i, kó sọ pé òun ṣèèṣì ni, kó gba lẹ́tà náà padà sínú àpò. Ìka ọkùnrin náà ti dì í mú ní etí kejì, tirẹ̀ sì ṣì wà ní etí kìíní.

Ó ṣí ìka, ó fi lẹ́tà náà sílẹ̀ fún un.